Ọlẹ̀, Ìsọ Ọlẹ̀ àti Ìṣirò Ọ̀sẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ààrin Ìgbà Oyún

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, oyún, ni ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ń di ẹrù mẹ́ta lé lórí. Wọ́n fi ń pe ipò tí obìnrin wà, wọ́n fi ń pe ìgbà tí ó fi wà ní ipò náà, wọ́n sì tún fi ń pe ohun tí ń dàgbà nínú ilé-ọmọ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì tí ó wí pé oyún kan gùn tó báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá gígùn ìgbà ni tàbí gígùn ara. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ti yan "ọmọ inú oyún" láti bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Ó yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, kò sì rọrùn láti so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá kiri ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọlẹ̀ ni. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lò ó nínú Ìhìnrere Lúùkù níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan oyún Èlísábẹ́tì. Bí wọ́n bá fi ọlẹ̀ pe ohun tí ń dàgbà láti ìgbà tí ọ̀sẹ̀ 8 bá ti pé lẹ́yìn ìlóyún títí di ọjọ́ ìbí, ẹrù oyún yóò fúyẹ́. Èyí tí ó ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ ọkàn, ọpọlọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lélẹ̀, lè máa jẹ́ ìpìlẹ̀-ọlẹ̀. Kìkì pé kí atẹ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn, nítorí ọ̀lẹ ni ẹni tí kì í fẹ́ ṣiṣẹ́, ọlẹ̀ kò sì ní ìsinmi.

Ní ààrin ìgbà oyún, láti ọ̀sẹ̀ 14 títí di ìgbà tí ọ̀sẹ̀ 28 bá pé, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò jù. Irun wẹ́wẹ́ yóò bo ara ọlẹ̀. Ọ̀rá funfun kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo awọ rẹ̀, irú èyí tí agbẹ̀bí máa ń bá lára ọmọ tuntun. Ilà orí ìka rẹ̀, tí kì yóò yí padà títí ọjọ́ alẹ́, yóò ti hàn. Kí ni ó dé tí wọn kò fi lè pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní irun-ọlẹ̀ àti ọ̀rá-ọlẹ̀? Ẹlòmíràn lè fẹ́ pe èkejì ní òrí-ọlẹ̀, nítorí ó jọ òrí tí àwọn ìyá fi ń pa ọmọ lára. Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ yóò sọ ọ́ di orí-ọlẹ̀. Omi tí ó yí i ká náà lè jẹ́ omi-ọlẹ̀, ẹ̀tọ́ sì ni, nítorí ẹni tí ó bá pè é ní omi ìyá ti ṣìnà. Ní ìgbà tí a ń wí yìí, kíndìnrín ọlẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú omi náà. A máa gbé e mì, a sì tún máa tọ̀ ọ́.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà. Fún orúkọ àwọn èròjà kẹ́míkà, bóyá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ti dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè náà. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dojú kọ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí ilé-ọmọ kò fi ní rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Níbi ìsọ ọlẹ̀ ni àṣìṣe ti léwu jù. Yorùbá ní ọlẹ̀ sọ nígbà tí ìyá bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan mira nínú òun. Nínú oyún àkọ́kọ́, èyí sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹni tí ó ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ìmọ̀lára ìyá ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìmira. Ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán inú ara ti fi hàn pé ìmira ti ń wáyé kí oṣù kẹta tó pé. Nítorí náà, ìwé tí ó bá kọ ọ́ pé oṣù karùn-ún ni ọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mira ti da nǹkan méjì pọ̀, obìnrin kan ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹni tí ibi-ọmọ rẹ̀ wà ní iwájú ilé-ọmọ lè pẹ́ kí ó tó mọ ohunkóhun lára, nítorí ibi-ọmọ náà wà láàrin ọlẹ̀ àti ikùn bíi tìmùtìmù. Bí ìwé ìlera bá ti kọ́ ọ pé ọlẹ̀ tí kò tíì sọ kò mira, ẹ̀rù yóò máa bà á láìnídìí. Ní ìdà kejì, ẹni tí ọlẹ̀ rẹ̀ ti sọ, tí ó wá rí i pé ìmira ń dín kù, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò tí ó kàn. Ilé-ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ìmira àti ìsọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé.

Ìṣirò ìgbà náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni àwọn dókítà ti ń ka ọ̀sẹ̀ 40, èyí tí í ṣe ọjọ́ 280, bẹ́ẹ̀ ni ìlóyún sì sábà máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn ìwé ìmọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọlẹ̀ sì máa ń kà á láti ìlóyún. Olùtumọ̀ tí ó bá mú ìlà kan láti inú ìwé ti ìṣáájú, tí ó mú òmíràn láti inú ti èkejì, ti fi ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣòfò. Bí wọ́n bá ń kọ "ọ̀sẹ̀ oyún" fún ìṣirò àwọn dókítà, tí wọ́n ń kọ "ọ̀sẹ̀ ọlẹ̀" fún èkejì, ọ̀ràn náà yóò tán.

Ó ku ọ̀fìn kan tí ó farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá a máa ka ọjọ́ méjèèjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun mọ́ iye. Ìdí nìyí tí ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún kì í ṣe ọ̀sẹ̀ 24 tí ó ti pé. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí 23 ni. Ní àkókò yìí gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró ọlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Bí ọmọ bá fẹ́ wáyé láìtọ́jọ́, ọ̀sẹ̀ kan péré lè yí ohun tí àwọn dókítà lè ṣe fún un padà. Nítorí náà, "pé" ni ọ̀rọ̀ tí olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ fò.

Àtẹ ìdàgbàsókè náà kò gbọdọ̀ sá fún àtúnṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ọlẹ̀ ti ká, láti àtàrí dé ìdí ni wọ́n ti máa ń wọ̀n ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ oyún 20, ọ̀pọ̀ àtẹ a yí padà, wọn a máa wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ọlẹ̀ kan náà tí ó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 16 ní ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò jẹ́ nǹkan bí 25 ní ọ̀nà kejì. Bí olùtumọ̀ bá kọ "gígùn" lásán sí orí àtẹ méjèèjì, òǹkàwé yóò rò pé ọlẹ̀ fò sókè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Gígùn àtàrí-dé-ìdí àti gígùn àtàrí-dé-gìgísẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, ní kíkọ tán, bí ààyè àtẹ náà tilẹ̀ há.