Kì í ṣe ọwọ́ ayé, àìsàn oríkèé ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí oríkèé ọwọ́ bá wú, tí ìka ò ṣeé ká láàárọ̀, aráyé la kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹ rọra o! Làkúrègbé kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ẹni gan-an ló ń bá oríkèé jà. Èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní TNF wà lára àwọn akéde tó ń lu agogo ogun fún wọn.

Ní 1992, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì nílùú London, Marc Feldmann àti Ravinder Maini, bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn kan wò lára aláìsàn 20. Wọ́n ń fà á sí wọn lára bíi omi, kó lè pa akéde náà lẹ́nu mọ́. Wíwú wálẹ̀, ìrora dín kù. Àmọ́ nígbà tí agbára oògùn tán, àìsàn padà dé.

Ohun kan wà níbẹ̀ o. TNF yìí kan náà ló ń bá wa ṣọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá sùn sínú ara. Bí wọ́n bá pa á lẹ́nu mọ́, ikọ́ lè jí. Torí náà, bí dókítà bá fẹ́ fún yín nírú oògùn yìí, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ẹ má sì jókòó ti àgbo títí. Oríkèé tó bá ti bàjẹ́, oògùn ò lè sọ ọ́ dọ̀tun.