Kí Ẹ Tó Kó Owó Lọ Sí Ládípọ̀

  

Ní àárọ̀ Sátidé tí ó kọjá, kí n tó fọ ẹnu tán, ìyá kan ti ń kan ilẹ̀kùn mi ní Pápá Àjàó níhìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí ni ìyá náà ń lọ kó ní àwọn oko ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú Igbó. Ọkọ̀ Land Rover àtijọ́ kan tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì ni ó fi ń kó wọn, nítorí pé bí òjò bá ti ń rọ̀, kò sí ọkọ̀ kékeré tí í jáde nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà náà. Ó di àpò owó kan mọ́ abẹ́ ìró. Ó ní mẹkáníìkì òun sọ pé pọ́ǹpù tí ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì ti kú, kí òun wá ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Owó àjọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni, owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n sin òun lọ, kí wọ́n má baà lu òun ní jìbìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé Ládípọ̀ kò jìnnà sí wa, inú Pápá Àjàó gan-an ni ọjà náà wà. Odidi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni to iṣu. Mo ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, n kò sì ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta oògùn kọ́ ni ó ń yẹ aláìsàn wò. Ohun tí ẹ bá béèrè ni wọn yóò tà fún yín. Bóyá òun ni ó bàjẹ́ lára ọkọ̀ yín tàbí òun kọ́, ìyẹn kò kan ọlọ́jà.

Mo bi ìyá náà pé, "Ìyá, bí awakọ̀ bá ń sítáàtì rẹ̀ tí kò jí, ṣé ó ń rú èéfín?" Ó ní rárá, kò sí èéfín kankan. "Bí ó bá wá jí ńkọ́?" Ó ní ó máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dúró tán, ó ń fà bí ẹṣin. "Ibo ni ó ń sùn lóru?" Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí ó ń ya òun lẹ́nu nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé àna òun, tí imú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni í jí láàárọ̀. Bí ó bá sùn sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, títí bátìrì yóò fi rẹ̀ ni wọn yóò máa yí i.

Mo ní kí ó jókòó kí ó mu ògì, pé owó náà kò tíì ní jáde lábẹ́ ìró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa sì jáde ní 1897. (Ó ṣeni láàánú pé ọkùnrin náà pòórá nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Ìlú Ọba ní 1913, inú òkun ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀.) Ẹ́ńjìnnì náà kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù. Atẹ́gùn ni yóò fún pọ̀ títí atẹ́gùn náà yóò fi gbóná janjan, nígbà náà ni nọ́sù yóò fọ́n epo wẹ́wẹ́ sí i, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Land Rover ti wà láti 1948, ṣùgbọ́n 1957 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ wọ̀nyẹn kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò sọ àìsàn wọn. Èéfín ni ahọ́n wọn.

Bí èéfín bá dúdú, oúnjẹ pọ̀ ju atẹ́gùn lọ: ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ bóyá eruku oko ti dí i, kí ẹ tó fura sí nọ́sù tí ń kán epo. Bí ó bá jọ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó, ìyẹn sì lè jẹ́ rínǹgì, owó ńlá nìyẹn. Èéfín funfun ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí ó bá ń ta ojú, tí ó ń rùn bí epo tútù, epo ń wọlé ṣùgbọ́n kò jóná, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn plọ́ọ̀gì tí ń mú un gbóná wò. Bí ó bá dà bí oruku omi, tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí omi rádíétọ̀ sì ń dín, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá wá sí èéfín rárá bíi ti ìyá yìí, epo kò dé inú ni.

Kí ló dé tí epo kò dé inú? Pọ́ǹpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ń fa epo láti táǹkì lẹ́yìn. Bí páìpù bá sán láàárín àwọn méjèèjì, epo lè má jò sílẹ̀ rárá, atẹ́gùn ni yóò máa wọlé, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí ó ya fa omi. Bí omi ṣe ń dé inú àgbọn ni atẹ́gùn ń dé inú páìpù yẹn. Mẹkáníìkì yóò wá ibi tí ó tutù títí, kò ní rí i, yóò sì di ẹ̀bi ru pọ́ǹpù ńlá. Lóru, epo inú páìpù yóò padà sí táǹkì. Ṣùgbọ́n bí ìdí ọkọ̀ bá ga ju imú rẹ̀ lọ, epo kò lè gun òkè padà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé àna ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán.

Síbẹ̀, àròsọ kì í ṣe ẹ̀rí. A so kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tí ó mọ́ sókè ju ẹ́ńjìnnì lọ, a fi rọ́bà tí ń hàn gaara gbé epo rẹ̀ tààrà sí fílítà, a lé atẹ́gùn jáde, a sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn sí ilẹ̀ títẹ́jú. Ní àárọ̀ Sunday, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Pọ́ǹpù ńlá bọ́ nínú ẹ̀sùn. A wá tọ páìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn: rọ́bà kúkurú kan tí ó so irin méjì pọ̀ ti sán lábẹ́ ìdè rẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. A pààrọ̀ fílítà epo pẹ̀lú, nítorí omi wà nínú rẹ̀.

Lílé atẹ́gùn jáde kò le. Ẹ tú ìdè kékeré orí fílítà díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ gbé apá pọ́ǹpù kékeré sókè sódò títí ìfóòfó yóò fi tán, kí ẹ dì í padà, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún ti ara pọ́ǹpù ńlá. Bí apá náà bá rọ̀ gbọ̀ọ̀ tí kò fa nǹkan kan, kò tíì bàjẹ́, ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí ẹ tún un gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ti ju pọ́ǹpù tí ó dára nù níbi yìí.

Ẹ yẹ okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú. Bí ó bá há sí ipò pípa, epo kò ní kọjá, bí ẹ tilẹ̀ ra pọ́ǹpù mẹ́wàá. Bí gbogbo èyí bá pé, tí epo kò sì dé ẹnu páìpù nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, a lè wá fura sí pọ́ǹpù. Nígbà náà pàápàá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó ra ti ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ dí ibi tí nọ́sù ti ń fọ́n epo. Agbára rẹ̀ ń gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́. Ó lè má dùn yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ ní wákàtí náà, nítorí ọwọ́ náà lè bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yin kan yóò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Èmi náà ti ra pọ́ǹpù rí fún jíìpù mi, ó jẹ owó oṣù mẹ́ta, omi inú epo sì ni àìsàn rẹ̀. Pọ́ǹpù tí mo yọ wà lábẹ́ ibùsùn mi títí di òní, ìyàwó mi a sì máa fi han àlejò.

Ìyá náà padà sí Ìjẹ̀bú Igbó ní ọjọ́ Monday pẹ̀lú àpò owó rẹ̀. Ó fi páànù gàrí kan ránṣẹ́ sí mi ní Thursday, ó ní ọkọ̀ náà sùn sí ilẹ̀ títẹ́jú ní alẹ́ mẹ́ta, ó sì ń jí. Tíṣà tí ó kọ̀wé sí mi nípa bátìrì tí kì í pẹ́ kú, mo ti rí lẹ́tà yín, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.