Àwọ̀ Kò Pa Ẹran Rí

Bí a bá gbé ọmọ ajá mẹ́fà kalẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni tí ń wá ajá ọdẹ rà lóde òní, ohun kìíní tí yóò bèèrè kì í sábàá jẹ́ ìyá tí ó bí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ tí bàbá wọn ṣe nínú igbó. Yóò na ìka sí ẹyọ kan, yóò ní, 'Dúdú yẹn ni kí ẹ gbé fún mi.' Ẹlòmíràn a ní pupa ni òun fẹ́, nítorí pé pupa a máa rorò. Ẹni kẹta a ní kí wọ́n má tilẹ̀ fi aláwọ̀ àdàlù han òun. Báyìí ni owó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ, tí ajá tí ìbá máa pa ẹran fún un sì ń ṣègbé lẹ́yìn àkìtàn. Àṣìṣe ńlá ni èyí, àwọn tí ń ṣe é sì ní ẹnu láti gbèjà ara wọn: wọ́n ní bí àwọn baba ti ń ṣe é nìyẹn.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ń ṣe é lóòótọ́? Ẹni tí ó bá jókòó ti àwọn àgbà nídìí àlọ́ ní kékeré yóò rántí àwọn ajá mẹ́ta tí ọdẹ fi ohùn pè láti orí igi nígbà tí ikú dé bá a: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Ta ni ó lè sọ àwọ̀ wọn? Ọmọdé tí ń gbe orin àlọ́ náà kò bèèrè rẹ̀, àgbà tí ń pa á kò sì rò pé ó yẹ kí òun dúró sọ ọ́. Orúkọ iṣẹ́ ni àwọn ajá náà ń jẹ́: ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbálẹ̀ títí kan ewé gbígbẹ. Òwe pẹ̀lú kò gbè lẹ́yìn àwọn aláwọ̀. 'Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ'; etí ni a ń sọ níbẹ̀. 'Àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́'. Eyín ni a ń sọ, àti ìkóra-ẹni-níjàánu. (Awọ tí òwe yìí ń sọ, awọ ẹran tí ajá mú ni, kì í ṣe àwọ̀ ara ajá. Ó dà bí ẹni pé àwọn kan ti ṣi àmì ohùn gbọ́.)

Kí a tilẹ̀ wo iṣẹ́ tí a ń gbé lé ajá ọdẹ lọ́wọ́. Ọ̀yà wọ inú koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ojú ọdẹ kò ríran dé ibẹ̀. Ajá ni yóò fi imú wá a rí, òun ni yóò lé e jáde sí ibi tí ìbọn tàbí kùmọ̀ wà. Bí ipa ehoro bá dábùú ipa ọ̀yà, ajá tí ó mọ iṣẹ́ kò ní í fi èyí tí ó ti ń tọ̀ bọ̀ sílẹ̀. Bí ìbọn bá dún, kò gbọdọ̀ sá wálé. Bí ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ọta bà bá yíjú padà, ajá ni yóò dù ú ní ẹ̀yìn, tí kò ní í jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún gbọdọ̀ sún mọ́ eyín rẹ̀ jù. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí fèrè dún, ó gbọdọ̀ padà wá. Imú, etí, ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, àyà àti ìgbọràn ni gbogbo èyí. Ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó bá kọjú sí kò ráyè béèrè bóyá ajá òun dúdú tàbí ó pupa. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá ajá náà ṣì wà lẹ́yìn ẹran.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ kéré sí bí a ti ń gbé e ga. Aró méjì péré ni gbogbo àwọ̀ ara ajá ti wá: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, tí a dín wọn kù, tàbí tí wọn kò dé apá kan ara rárá, ibẹ̀ ni a ti ń rí dúdú, pupa, rẹ́súrẹ́sú, funfun àti àdàlù. Ìwọ̀nba ohun ìjogún díẹ̀ ni ó ń darí rẹ̀. Ìdí nìyí tí abo ajá kan fi lè bí dúdú, pupa àti alámì nínú oyún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n imú tí ó mú àti àyà tí kò já kì í ṣe ohun tí ohun ìjogún kan tàbí méjì ń fún ajá. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń para pọ̀ ṣe é, ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ a sì tún lé e. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2022, èyí tí àwọn olówó ajá tí ó lé ní 18,000 dáhùn ìbéèrè sí, wọ́n rí i pé irú-ọmọ tí ajá jẹ́ pàápàá kò sọ ju nǹkan bí 9 nínú 100 lọ nípa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwà ajá kan àti èkejì. Bí irú-ọmọ odindi kò bá lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni àwọ̀ irun yóò rí sọ?

Àwọn tí ń ṣe agbátẹrù àwọ̀ ní èsì kan tí wọ́n gbójú lé. Wọ́n ní ajá funfun ń lé ẹran sá nítorí pé ẹran ń rí i láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ ni ó so ṣaworo mọ́ ajá dúdú rẹ̀ lọ́rùn! Ajá tí ń dún ṣìnwìn-ṣìnwìn kiri igbó, ta ni ó tún ń fara pamọ́ fún? Ìgalà àti ẹtu, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹran onípátákò, kò fi ojú mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Òórùn tí afẹ́fẹ́ gbé wá àti ìró ẹsẹ̀ ni ó ń ta wọ́n jí. Bí ó bá tilẹ̀ ku ibi tí àwọ̀ ti ṣe pàtàkì, ojú ọdẹ ni, kì í ṣe ojú ẹran. Wọ́n ń pa ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ní Scotland nípa ọlọ́lá kan ní Poltalloch tí ó yìnbọn pa ajá ara rẹ̀ nítorí pé ó pupa bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni ó ti yàn láti máa sin ajá funfun nìkan. Yálà ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ti ṣọdẹ nínú igbó dídí rí mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù wà ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Irú ajá ọdẹ kan wà ní ilẹ̀ Kóńgò tí àwọn òyìnbó ń pè ní Basenji. Kì í gbó bí ajá yòókù, nítorí náà ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń so agogo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó gbà. Ní 1937 ni wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìpẹ́ wọ́n dé Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó kọ àwọ̀ tí ó tọ́ kí ó ní sínú ìwé, wọ́n sì pa ìwé náà dé. Láti ara ìwọ̀nba ajá díẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń sin gbogbo ìyókù, ìbátan ń gun ìbátan, títí àrùn ẹ̀jẹ̀ àti àrùn kíndìnrín fi ràn káàkiri láàárín wọn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní 1987 àti 1988, àwọn kan nínú wọn gbéra láti Amẹ́ríkà padà sí Kóńgò, tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, wọ́n lọ gba ajá lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣì ń lò ó fún iṣẹ́. Ní 1990, ẹgbẹ́ tí ń kọ orúkọ ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣí ìwé tí ó ti pa dé fún mẹ́rìnlá nínú wọn. Àwọ̀ onílà-ìlà bá wọn wọlé, àwọ̀ tí ìwé náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdẹ Kóńgò tí kò ní ìwé kankan ni ó pa ohun tí ó dára mọ́, nítorí pé ẹran ni ó ń bi ajá rẹ̀, kì í ṣe aṣọ.

Àwọn ará Jámánì náà ṣe irú rẹ̀. Ajá tí a mọ̀ sí Alsatian, iṣẹ́ dídaran ni Max von Stephanitz tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1899. Ajá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé, Horand, funfun wà nínú ìran ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1933, wọ́n ní funfun kò bófin mu mọ́. Ní Wales àti Scotland, níbi tí àwọn darandaran ti ń fi ajá díje níwájú àgùntàn láti 1873, ọ̀tọ̀ ni ìlànà wọn: ẹgbẹ́ wọn tí a dá sílẹ̀ ní 1906 lè kọ orúkọ ajá tí a kò mọ ìran rẹ̀ sínú ìwé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Nípa àwọ̀, kálukú ló ń mú tirẹ̀ wá.

Òtítọ́ kan kù tí kò yẹ kí a fi bò. Funfun tí ó pọ̀ jù, pàápàá ní orí àti etí, lè bá adití rìn. Aró tí kò dé ara irun lè máà dé inú etí pẹ̀lú, bí kò bá sì sí níbẹ̀, ohun tí ń gbọ́ràn nínú etí yóò kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a bí ọmọ ajá náà. Nínú àwọn ajá Dalmatian tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 30 nínú 100 ni etí kan tàbí méjèèjì wọn di. Ọ̀rọ̀ ńlá ni fún ọdẹ, nítorí pé ajá tí ó ń fi etí kan gbọ́ràn kò ní í mọ ọ̀nà tí fèrè gbà. Ṣùgbọ́n kí ni ó yẹ kí a ṣe sí i? Kí a dúró sẹ́yìn ọmọ ajá náà níbi tí kò ti rí wa ni, kí a pàtẹ́wọ́ ní ọ̀tún, kí a tún pa á ní òsì, kí a wo ibi tí yóò yí orí sí. Èyí tí ó bá gbọ́, ó gbọ́. Funfun rẹ̀ kò di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Èyí tí kò bá gbọ́, etí rẹ̀ ni a kọ̀, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ ra ajá ọdẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀ nínú igbó. Kí ó tẹ̀ lé olówó rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ó rí bí ó ti ń tọ ipa ẹran, bí ó ti ń dáhùn bí a bá pè é, àti ohun tí ó ń ṣe bí ìbọn bá ró. Nígbà tí àwọn ọmọ bá tó ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ, kí ó wọ́ awọ ọ̀yà nílẹ̀ gba inú koríko lọ sí ìdí igi kan, kí ó sì tú wọn sílẹ̀. Ọ̀kan yóò jókòó, ọ̀kan yóò máa ṣeré, ọ̀kan yóò gbé imú sílẹ̀, yóò sì máa bá a lọ. Kí ó ju àwo irin sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, kí ó wo ẹni tí ó sá tí kò padà àti ẹni tí ó ta gìrì tí ó tún wá yẹ ohun náà wò. Ìdánwò yìí kì í ṣe ìbúra, nítorí pé ọmọ ajá ṣì lè yàtọ̀ bí ó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi ìka tọ́ka sí dúdú.

Àwọn tí ń tà á yóò sọ pé ọwọ́ oníbàárà ni ẹ̀bi wà, pé dúdú ni wọ́n ń bèèrè, dúdú sì ni ó ń pa owó. Kí wọ́n kúkú sọ èyí tí ó kù fún oníbàárà náà pẹ̀lú. Funfun báláú ni a ń bí ọmọ Dalmatian. Ẹ̀yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àmì ara rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ọmọ Alsatian mìíràn a ṣókùnkùn ní kékeré, àwọ̀ rẹ̀ a ṣí bí ó ti ń dàgbà, a sì tún padà ṣókùnkùn. Kí ajá náà tó mọ ọ̀nà igbó, àwọ̀ tí wọ́n sanwó lé lórí lè ti yí padà.