Ẹ Má Gba Owó Àlejò Kí Ẹ Tún Lé E Kúrò Lórí Pápá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí pápá gọ́ọ̀fù ìlú kan tí kì í ṣe tiwa. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò bá mọ eré yìí, òun ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré káàkiri pápá títí yóò fi wọ ihò. Ihò 18 ni wọ́n ń gbá a sí kí eré tó parí. Èmi fúnra mi kò gbá a rí, àpò omi ni mo gbé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sanwó pápá, wọ́n gba rìsíìtì, wọ́n sì gba ọmọkùnrin kan tí yóò bá wọn gbé àpò ọ̀pá, irú ẹni tí wọ́n ń pè ní kádì. Ibi ihò kẹrin la wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin fi dé láti ẹ̀yìn. Wọn kò tilẹ̀ kí wa. Ọ̀kan nínú wọn kàn ní, "Bàbá, ẹ yẹra, àwa la ni ibí." A yẹra. Àwọn mìíràn tún dé, a tún yẹra. Nígbà tí a fi dé ihò kẹsàn-án, oòrùn ti mú gan-an, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn tó ń bójú tó kádì wá ní ìdajì owó ni ti ọmọkùnrin náà, torí ihò mẹ́sàn-án péré ló rìn. Owó pápá ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò dá kọ́bọ̀ padà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí wọ́n má baà ṣì mí gbọ́: èmi kò sọ pé kí àlejò àti ọmọ ẹgbẹ́ dọ́gba. Ọmọ ẹgbẹ́ ló san owó ìwọlé, òun ló ń san owó ọdọọdún, òun náà ni yóò dáwó nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gé koríko bá bàjẹ́. Bí ó bá ní kí wọ́n fi òwúrọ̀ Sátidé sílẹ̀ fún òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí owó àlejò bá pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Àwa ará oko ṣáà mọ irú ètò yìí. Bí ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ bá ra ẹ̀rọ ìlọgbàdo, iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san yàtọ̀ sí ti ará ìta. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ará ìta bá ti sanwó, tí wọ́n ti da àgbàdo rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, ta ni yóò ní kí wọ́n gbọ́n ọn kúrò nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé igbá tirẹ̀ bọ̀? Ìjà ni yóò dà lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ Scotland ni gọ́ọ̀fù ti gbilẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ní ìlú St Andrews, láti ọdún 1552 ni ìwé ti wà tó jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ ará ìlú láti ṣeré lórí ilẹ̀ pápá náà. Títí dòní, ará ìlú ń san owó ọdún kan lápapọ̀, nígbà tí owó àlejò fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí pápá àtijọ́ ibẹ̀ lé ní 300 pọ́n-ùn ní ìgbà ooru ọdún 2024. Ó wọ́n, àbí? Ṣùgbọ́n wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún àlejò, wọ́n ń ṣẹ́ kèké nígbà tí ọjọ́ eré bá ku ọjọ́ méjì, ẹni tí kèké bá mú yóò sì mọ wákàtí tirẹ̀. Àwọn tó dá wá láìní ẹnìkejì máa ń sun ìta nínú òtútù láti tò sórí ìlà. Ní ọdún 2024, wọ́n fi kèké orí ẹ̀rọ rọ́pò ìyẹn náà. Ní Muirfield, níbi tí ẹgbẹ́ ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó jẹ́ pé ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò gbà kí obìnrin di ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi fún àlejò. Kò sí ẹ̀tàn ńbẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan a máa ní àlejò ló ń falẹ̀, òun ló ń ba koríko jẹ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àlejò mú ìwé handicap rẹ̀ wá, èyí tó ń fi hàn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ eré náà tó. Ṣùgbọ́n ìwé òfin gọ́ọ̀fù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2019 gba gbogbo ẹni tó ń gbá a nímọ̀ràn pé kó má lò ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló sì fi sílẹ̀ fún wíwá bọ́ọ̀lù tó sọnù. Kò bèèrè bóyá ọmọ ẹgbẹ́ ni tàbí àlejò. Ẹni tó bá falẹ̀ ni kó yẹra fún ẹni tó yára, ìbáà jẹ́ alága ẹgbẹ́.

Kí àwọn kíláàbù wa kọ ọjọ́ àti wákàtí àlejò sí ara pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ iye owó sí i, kí kádì sì gba owó rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló dá eré dúró. Àwọn ọmọ abúlé tó yí pápá ká ni púpọ̀ nínú àwọn kádì yìí, bí àlejò bá sì sá, àwọn ni ebi ń pa kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ẹgbẹ́ tó mọ̀.

Rìsíìtì ọjọ́ náà ṣì wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á tún lọ síbẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gbé pátákó náà sókè, kí n pe àwọn.