Ta Ló Gbé Tẹ̀súbáà fún Oníṣègùn Inú Fíìmù?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, mo fẹ́ràn fíìmù Yorùbá gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń bí mi nínú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi Àáfà hàn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Wàhálà dé bá obìnrin kan: ọkọ rẹ̀ ń yan àlè, tàbí kò rí ọmọ bí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Jẹ́ kí n mú ọ lọ sọ́dọ̀ Àáfà mi." Wọ́n á bá ọkùnrin kan lórí ẹní, ó wé láwàní, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á tẹ yanrìn, á ní ayé ló ń bá obìnrin náà jà, á wá ka iye owó àti àgbò tí yóò mú wá. Nínú fíìmù mìíràn, aláwàní kan náà ni yóò bá ọmọ Yahoo ṣe oògùn owó. Ẹ bọ́ láwàní lórí rẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ babaláwo, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ óò yí padà nínú eré náà.

Ẹni tó bá ní eré lásán ni, kó wo ilé wa ní Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Èkó ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ látìgbà tó ti dé láti ilé ìwé? Fóònù ni. Fíìmù Yorùbá sì kún YouTube, dátà nìkan ló ń ná ni. Ilé kéú ń rí ọmọ náà ní òpin ọ̀sẹ̀, fíìmù ń rí i lójoojúmọ́. Bí ìṣòro bá dé bá a lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbà lọ? Ànábì (ṣ.a.w.) sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá lọ bi aláfọ̀ṣẹ léèrè nǹkan, ìrun rẹ̀ kò ní jẹ́ àtẹ́wọ́gbà fún ogójì ọjọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, Davido gbé fídíò orin "Jaye Lo" ti Logos Olori sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń kírun nínú rẹ̀ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mùsùlùmí pariwo títí ó fi yọ ọ́ kúrò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò kékeré kan nìyẹn. Àáfà oníyanrìn ti wà nínú fíìmù wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa la sì ń jókòó wò ó lẹ́yìn ìrun iṣá.

Kí ló dé tí a kò pariwo? Nítorí a mọ ọkùnrin náà ni. Oníṣinimá kò lá a lálàá. Àáfà oníjálàbí tó ń fọ hàńtú fún oníbàárà mu, tó ń ta tírà, àdúgbò wa ló ń gbé. A ń pè é síbi ìsọmọlórúkọ, a sì ń fún un ní àga iwájú. Ẹni tí àwa fúnra wa kò lè bá wí, báwo la ṣe fẹ́ kí oníṣinimá bò ó láṣìírí? Ẹ̀bi tiwọn ni pé òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n rí. Níbo ni Àáfà tó ń kọ́ ọmọ tálákà ní kéú láìgba kọ́bọ̀ wà? Níbo ni èyí tó ń là tọkọtaya níjà, tó ń wẹ òkú fún ẹni tí kò lẹ́nìkan wà?

Àwọn kan yóò ní kí a pa fíìmù tì pátápátá. Àríyànjiyàn àwọn onímímọ̀ lórí orin àti àwòrán kò ní parí lónìí, n kò sì jókòó láti dá a. Ṣùgbọ́n ìtàn sísọ kì í ṣe ọ̀tá wa. Odidi Súrà kan ni Ọlọ́hun fi sọ ìtàn Ànábì Yúsúfù. Moustapha Akkad ṣe fíìmù The Message ní 1976 lórí ìbẹ̀rẹ̀ Ìsìláàmù, kò sì fi àwòrán Ànábì hàn rárá. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Marvel gbé Kamala Khan, ọ̀dọ́mọbìnrin Mùsùlùmí tó ní agbára àrà, jáde nínú ìwé aláwòrán ní 2013, G. Willow Wilson, obìnrin tó gba Ìsìláàmù, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nílé níbí, láti 1985 ni Mount Zion ti Mike Bamiloye ti ń fi eré wàásù ẹ̀sìn tiwọn. Ta ló ní kí a má ṣe tiwa?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ìtàn Àáfà tó kọ owó jálàbí nígbà tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ẹ kọ ìtàn oníhíjáàbù kan ní Ìfọ̀ tó ń fò lọ sínú òṣùpá ní ọdún 2090, tó sì ń wá ibi tí yóò kọjú sí kírun níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tó bá ń wo fíìmù. Bí wọ́n bá dé ibi yanrìn, ẹ dá a dúró, kí ẹ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ohun tí Ànábì fi kọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀yin Àáfà wa, ẹ sọ ọ́ lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì gba àga iwájú lọ́wọ́ oníjálàbí.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún wa lágbára láti sọ òtítọ́ fún ara wa. Àmín.