Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ayé Victoria àti Olùkọ́ Yorùbá

Èrò àwọn kan ni pé ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ju ohun ìdárayá lọ: bí òǹkàwé bá ti mọ apànìyàn, ìwé parí. Èrò yìí kò tọ̀nà, pàápàá nípa ọ̀wọ́ ìwé tí ó dá lórí ayé àtijọ́. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, òfin àti àṣà ìgbà náà ni ó máa ń ṣe àlàyé ìdí tí ọ̀daràn fi dá ọ̀ràn.

Ọ̀wọ́ ìwé tí Anne Perry bẹ̀rẹ̀ ní 1979 lórí Thomas Pitt, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ọbabìnrin Victoria (1837–1901), jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọmọ òṣìṣẹ́ oko olówó ni Pitt; ọmọ ilé ọlá ni Charlotte, aya rẹ̀. Yàrá àlejò tí ọlọ́pàá kò lè wọ̀, ibẹ̀ ni Charlotte ti ń gbọ́ òótọ́. Ní 1881 ni ìtàn àkọ́kọ́ wáyé, ṣáájú òfin 1882 tí ó fún abilékọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ kíkún sí ohun ìní rẹ̀. Òǹkàwé tí kò mọ èyí kò lè mọ ohun tí ó ń ba àwọn obìnrin inú ìwé náà lẹ́rù.

Ayé yìí kò jìnnà sí Èkó, tí ó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Nínú ẹjọ́ Cole àti Cole ní 1898, ọmọ òkú àti arákùnrin òkú ni wọ́n ń du ogún ní Èkó. Nítorí pé ìgbéyàwó olórùka ni òkú ṣe, ilé ẹjọ́ tẹ̀lé òfin Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ogún fún ọmọ. Ta ni ó lè sọ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó kókó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?

Wọ́n lè béèrè pé kí ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń wá ní ẹ̀ka Yorùbá. Ìdáhùn rẹ̀ ni ìfiwéra. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi *Àjà Ló Lẹrù* (1969) àti *Àgbàlagbà Akàn* (1971) hàn pé èdè Yorùbá gbé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ayé ojú òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni Lápàdé ń tọpinpin. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ọ̀wọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ìwé kan lórí Èkó ayé Victoria. Akẹ́kọ̀ọ́ Onígbòǹgbò kò ní láti dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ojú irin tí ó gba Ìkẹjà kọjá, 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí Victoria ṣì wà lórí oyè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé àrọ́bá tí ọmọ bá bá kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan.