Kí Ẹ Tó Gba Ilé Etí Òkun

Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé tún ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn ìdílé kan ti ń dá owó jọ láti gba ilé etí òkun fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ mú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi tí ó pa rọ́rọ́ kí wọ́n lè sinmi (Máàkù 6:31).

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò fún yín, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìdílé mẹ́ta nínú ìjọ wa gba ilé kan ní Ilashe, ní Èkó. Wọ́n wá kí n gbàdúrà fún wọn. Mo gbé ọwọ́ lé wọn, mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọ̀nà wọn, mo sì ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. N kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ń ṣeré nínú omi tí kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ìgbì kan gbé e ṣubú, omi sì wọ́ ọ lọ. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọlọ́run lo apẹja kan ní abúlé ibẹ̀, ó bẹ́ sómi, ó sì gbé e jáde. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́rìí nínú ìjọ, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, èmi ń wo ilẹ̀. Ọlọ́run ti dáhùn àdúrà mi, ṣùgbọ́n èmi kò ṣe iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn.

Láti ìgbà náà, kí n tó gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ gba irú ilé bẹ́ẹ̀, mo máa ń bi í ní ìbéèrè márùn-ún.

Èkínní: Irú omi wo ni ó wà níwájú ilé náà? Tarkwa Bay wà ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ sì máa ń dín agbára ìgbì kù. Ṣùgbọ́n Ilashe àti Lẹ́kkí dojú kọ agbami ní gbangba. Omi tí ìgbì bá gbé wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ padà. Ó lè wá ọ̀nà tóóró kan, kí ó sì máa fi agbára ṣàn padà gba ibẹ̀. Ojú ibẹ̀ lè rọ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ni ó ń gbé ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá bọ́ sí i kò gbọdọ̀ bá a jà. Kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó dúró sórí iyanrìn. Ẹ rántí pé ìsinmi gígùn bọ́ sí àkókò òjò, nígbà tí òkun máa ń ru púpọ̀.

Èkejì: Báwo ni ẹ ó ṣe débẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ti ọmọdé sì bá a mu. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí èrò ti pọ̀ jù, ẹ má sì rìn ní òru.

Ẹ̀kẹta: Ta ni ẹ fẹ́ sanwó fún? Ẹ fi ojú ara yín rí ilé náà kí owó tó jáde. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ béèrè iye ènìyàn tí ó lè sùn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Kí ni ó wà nínú ilé náà? Ǹjẹ́ omi mímu wà? Ibo ni jẹnẹrétọ̀ wà? Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó lè pa ènìyàn lójú oorun. Kí ó jìnnà sí fèrèsé. Bí àìsàn bá dé lóru, ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà dé ilé ìwòsàn?

Ẹ̀karùn-ún: Àwọn wo ni ẹ jọ ń lọ? Kí yàrá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ẹ yan àgbàlagbà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí kò ní ṣe ohun mìíràn ju kí ó máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Níbi tí gbogbo wa bá ti ń ṣọ́ ọmọ, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ owó ẹ̀yáwó ni ẹ fẹ́ fi lọ, ẹ jókòó sílé; gbèsè kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Pásítọ̀, ìgbàgbọ́ wa dà?” Ẹ wo Nóà. Ó gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà nínú àti lóde (Jẹ́nẹ́sísì 6:14). Àwọn baba wa náà sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì béèrè.

Ọmọ ọjọ́ náà ti di ọmọ ogún ọdún. Nígbàkígbà tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi ní Ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń rántí ìbéèrè tí n kò béèrè.

Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.